Àmín Tó Gúnyán

Ohun tí ènìyàn lè ṣe ní kọ̀rọ̀ pọ̀ láyé yìí. Ènìyàn lè mu gàrí ní kọ̀rọ̀, kí ó nu ẹnu, kí ó jáde síta bí ẹni tí kò rí oúnjẹ láti àná. Ènìyàn lè fẹ́ ìyàwó kejì ní kọ̀rọ̀ ní Adó-Èkìtì, kí ìyálé má mọ̀ títí ọmọ kejì yóò fi wọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ṣùgbọ́n iyán? Odó kì í pa àṣírí mọ́. Bí ọmọ odó bá ti bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo àdúgbò ti mọ ilé tí wọ́n fẹ́ ti jẹun, ẹni tí kò bá sì lójútì nínú wọn á ti máa fọ ọwọ́ bọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni Monínúọlá ń rò láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Òkè-Ayọ̀ fẹ́ gbá àṣekágbá. Ó dúró nínú ilé ìdáná tó wà lẹ́yìn kámpù wọn ní Igbemo, ó ń wo ìkòkò iṣu tó ń hó kùtùkùtù lórí iná. Òun ni alásè ẹgbẹ́ náà. Ọmọkùnrin méjìdínlógún ló gbójú lé ọwọ́ rẹ̀. Ní iwájú ilé, ẹni tí wọ́n rán wá láti rí i pé ẹnikẹ́ni nínú wọn ò fi oúnjẹ kan ẹnu jókòó lórí àga, ó ń kọrin, ó ń pàtẹ́wọ́.

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó dá ọ̀ràn náà sílẹ̀, bọ́ọ̀sì ni.

Ọdún mẹ́fà ni Òkè-Ayọ̀ ti wà nínú líìgì àárín-gbùngbùn Èkìtì, ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà náà ni wọ́n sì fi wà nísàlẹ̀ tábìlì bí ẹni pé wọ́n ra ilẹ̀ síbẹ̀. Alága wọn, Alàgbà Bámgbóyè, jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tó ní ọ́fíìsì kékeré kan ní àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó. Ó ti gbìyànjú títí. Ó pààrọ̀ kóòṣì, ó pààrọ̀ àwọ̀ jẹ́sì, ó tilẹ̀ pààrọ̀ orúkọ ẹgbẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì kí ìṣẹ́ má baà dá wọn mọ̀. Lọ́jọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ ọdún yìí, táyà bọ́ọ̀sì wọn bẹ́ lójú ọ̀nà Adó, kúlà oúnjẹ já bọ́ sínú gọ́tà, ìrẹsì Igbemo tó funfun bẹ́ẹ̀ sì di ti ewúrẹ́. Ebi ń pa àwọn ọmọ náà wọ pápá, inú ń bí wọn sí táyà, inú ń bí wọn sí ewúrẹ́, wọ́n sì fi ìbínú yẹn gbá góòlù mẹ́ta wọlé.

Alàgbà Bámgbóyè kúnlẹ̀ sórí koríko tòun ti ṣòkòtò funfun.

"Ẹ ò rí nǹkan bí? Ààwẹ̀ ni! Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló da ìrẹsì yẹn nù!"

Bó ṣe sòfin nìyẹn. Láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ títí rẹfirí yóò fi fọn fèrè ìkẹyìn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jẹ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mu. Ó gbé Bíbélì lé orí tábìlì, ó fi ọwọ́ lé e, ó ní ẹni tó bá jẹun, tàbí tó fún ẹlòmíì jẹ, ì báà ṣe agbábọ́ọ̀lù, ì báà ṣe kóòṣì, ì báà ṣe alásè, yóò di ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ohun tó wá mú kí ọ̀rọ̀ náà ṣòro láti bá a jiyàn ni pé bàbá náà ò yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Òun náà ń gbààwẹ̀, ní ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin.

Nígbà ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kejì, gbogbo wọn gbààwẹ̀ lóòótọ́. Ìlàjì àkọ́kọ́ kò tíì parí tí ẹni méjì fi dùbúlẹ̀ tí wọn ò fẹ́ dìde mọ́. Kẹ́hìndé, aṣọ́lé wọn, dà bo bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ó sì wà níbẹ̀. Àwọn èrò ìwòran ń pariwo pé ẹ wo ìgboyà. Ìgboyà kọ́, òòyì ni. Ọ̀mì ni wọ́n gbá, òdo sí òdo. Alága ní ààwẹ̀ náà ni kò jinlẹ̀ tó.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹta, Ayọ̀rìndé, balógun ikọ̀ náà, wá sí ilé ìdáná. Ọkùnrin gíga ni, ó ní láti tẹrí ba kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Àwọn mẹ́rin ló tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

"Àǹtí Móní, ẹ gbà wá."

"Ẹ lọ gbàdúrà."

"A ti gbà á. Ẹ̀yin ni ìdáhùn."

Monínúọlá mọ ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Kó tó dé ibí, ọdún mẹ́rin ló fi tọ́jú ọmọ fún àǹtí rẹ̀ kan ní Adó, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní "ìwọ" láàárọ̀, "ìwọ yìí" lọ́sàn-án. Níbí, àwọn ọkùnrin tí orí wọn fẹ́ kan àjà ló ń pè é ní Àǹtí. Ilé ìdáná yìí ni ibi àkọ́kọ́ láyé tó ti sọ pé "ẹ jáde" tí ènìyàn sì jáde. Bí Alàgbà bá mú un, ilé àǹtí ló ń padà sí yẹn. Ṣùgbọ́n ó wo ojú àwọn ọmọ náà, ó rí i pé ebi ti gbẹ́ kòtò sí i.

"Ẹ gbé odó wá," ló sọ.

Alàgbà Bámgbóyè kì í ti Adó dé kí aago méjìlá tó lù, nítorí náà odó lè pariwo bó ṣe wù ú. Góòlù mẹ́rin ni wọ́n gbá wọlé lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò tún na Òkè-Ayọ̀ mọ́.

Ayọ̀rìndé kọ́ wọn bí ẹni tó ń gbààwẹ̀ ṣe ń rìn. Kẹ́hìndé ṣe é ṣe àṣejù, ó ní kí wọ́n wá ọ̀pá fún òun. Bí eré bá ti parí, Alàgbà á fi ọwọ́ ara rẹ̀ pín omi àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ láti fi ṣínu, àwọn aláṣejù wọ̀nyẹn á máa jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń sunkún, bàbá náà á sì nu ojú rẹ̀. Láàárín líìgì, télọ̀ kan ní Adébáyọ̀ tú ìdí ṣòkòtò mẹ́wàá, ó fẹ̀ wọ́n.

"Ẹ̀mí ló ń bọ́ wọn," ni Alàgbà sọ fún télọ̀.

Alàgbà fúnra rẹ̀ ni ẹ̀mí ò bọ́. Ọrùn rẹ̀ wá dúró nínú kọ́là bí ṣíbí nínú ife. Monínúọlá kì í fẹ́ wo ọrùn yẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti la ẹnu láti jẹ́wọ́ fún un, ẹ̀ẹ̀mejì ló ti rántí ilé àǹtí tó pa ẹnu dé.

Bí wọ́n ṣe dé àṣekágbá nìyẹn, àwọn àti Ẹkùn Ìkéré, ẹgbẹ́ tó ti gba ife náà ní ọdún mẹ́ta léraléra. Ẹ̀rù ba Alàgbà kí èṣù má lọ dán àwọn ọmọ òun wò lọ́jọ́ tó kù díẹ̀, ló bá rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá sí kámpù láti ṣọ́ ààwẹ̀ náà. Màmá Àtinúkẹ́ ni wọ́n ń pe ìyá náà, Ìyá Àdúrà nínú ìjọ aláṣọ funfun. Ọjọ́ Fúráìdé ló dé, pẹ̀lú agogo àti àga tirẹ̀. Ó gbé àga náà sí iwájú ilé, níbi tó ti lè rí ẹnu ọ̀nà àwọn ọmọ, tó sì lè gbóòórùn ilé ìdáná.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Monínúọlá, Ayọ̀rìndé àti Kẹ́hìndé sá pàdé lẹ́yìn bọ́ọ̀sì.

"Mo lè rí búrẹ́dì," ni Monínúọlá wí.

Ayọ̀rìndé wò ó bí ẹni tí wọ́n bú bàbá rẹ̀. "Búrẹ́dì? Àǹtí, ta la fi búrẹ́dì nà lọ́dún yìí?"

"Ìrẹsì ńkọ́? Ìrẹsì ò láriwo."

"Ẹ rántí ìrẹsì tó wọ gọ́tà."

"Ọjọ́ tó wọ gọ́tà yẹn náà lẹ borí!"

"Nítorí pé a ò jẹ ẹ́ ni."

Monínúọlá rí i pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín alága àti àwọn ọmọ rẹ̀. Bí bàbá ṣe gba ààwẹ̀ gbọ́ ni wọ́n ṣe gba iyán gbọ́. Èyí tí yóò sì lé òun kúrò nídìí iṣẹ́ nínú méjèèjì ló wà lọ́wọ́ òun.

"Màmá yẹn á gbọ́," ló sọ. "Ọmọ Èkìtì ni. Bó sùn, á gbọ́."

Kẹ́hìndé rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màmá fẹ́ràn àdúrà, àbí kò fẹ́ràn rẹ̀? Ẹ jẹ́ ká fún un ní àdúrà."

Bẹ́ẹ̀ ni iṣu ṣe wá ń hó láàárọ̀ Sátidé yìí. Monínúọlá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀bẹ gún un wò ni òjìji funfun kan dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí lò ń sè, ọmọ mi?" ni Màmá Àtinúkẹ́ bi í.

"Omi ìwẹ̀ àwọn ọmọ ni, Màmá."

Màmá fa ìmí sínú. "Usu ni mò ń gbóòórùn rẹ̀ yìí."

"Igi yìí ni, Màmá. Oko iṣu ni wọ́n ti ṣẹ́ ẹ."

Màmá wo igi. Ó wo ìkòkò. Ó wo Monínúọlá, ojú yẹn sì pẹ́ lára rẹ̀. Ọlọ́run ló ṣe é, Kẹ́hìndé figbe ta níwájú ilé: "Màmá! Ẹ̀mí ti ń bà lé wa o! Ẹ má jẹ́ ó kọjá!" Ìyá náà gbá yẹ̀rì rẹ̀ mú, ó sáré lọ.

Monínúọlá da iṣu sínú odó, ó gbé ọmọ odó sókè, ó sì dúró dè wọ́n.

"Ẹ̀yin ará," ohùn Kẹ́hìndé ń dún bọ̀ láti iwájú, "àdúrà òní, ẹsẹ̀ la máa fi gbà á! Bí a bá ti ní àmín, ká jọ fi ẹsẹ̀ kan tẹ orí ọ̀tá mọ́lẹ̀! Olúwa, bù kún pápá tí a máa gbá lónìí!"

"ÀMÍN!" Ẹsẹ̀ méjìdínlógún lu ilẹ̀. Gbì! Ọmọ odó bọ́ pẹ̀lú wọn.

"Bù kún koríko rẹ̀!"

"ÀMÍN!" Gbì!

"Bù kún ojú ilé wa! Bù kún ojú ilé tiwọn, kí ó fẹ̀ sí i!"

"ÀMÍN! ÀMÍN!" Gbì! Gbì!

Ẹni tó bá ti gúnyán rí mọ̀ pé kì í ṣe ogún ìkọlù ni, kì í ṣe ọgbọ̀n. Kẹ́hìndé gbàdúrà fún bọ́ọ̀lù, ó gbàdúrà fún afẹ́fẹ́ inú bọ́ọ̀lù. Ó gbàdúrà fún rẹfirí, fún fèrè rẹfirí, fún ìyá tó bí rẹfirí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀, Ayọ̀rìndé gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ gbogbo ìlú Èkìtì níkọ̀ọ̀kan, ìlú kan, àmín kan. Òógùn bo Monínúọlá. Wàhálà rẹ̀ ni pé àdúrà ò mọ ìgbà tí iyán fẹ́ kí wọ́n yára, kò sì mọ ìgbà tó fẹ́ kí wọ́n rọra. Ó rí kókó kan tó ń yí kiri nínú odó bí ẹni tí kò ronú pìwà dà, ó fẹ́ fọ́ ọ, ó gbé ọmọ odó, ó gbàgbé láti dúró de ẹnikẹ́ni.

Gbì!

Iwájú ilé pa lọ́lọ́. Kò sí ẹni tó ṣe àmín kankan.

"Kí nìyẹn?" ni Màmá Àtinúkẹ́ bèèrè.

Monínúọlá di ọmọ odó mú mọ́ àyà. Ó ti ń rí ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àǹtí, pẹ̀lú báàgì.

"Èmi ni, Màmá," ni ohùn Ayọ̀rìndé dáhùn, ó sì fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Gbì! "Àmín mi ló pẹ́ dé."

"Àmín kì í pẹ́ jù, ọmọ mi," ni Màmá wí, inú rẹ̀ dùn. "Ẹ máa gbà á lọ! Mo ń gbọ́ ọ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi, ilẹ̀ ń mì tìtì! Ogójì ọdún tí mo ti wà nínú àdúrà, mi ò rí irú rẹ̀ rí!"

Òun fúnra rẹ̀ wá ń lu agogo sí i, ó ń fò. Iyán náà dán ju ti ọjọ́ kọ́jọ́ lọ.

Nínú garawa ìwẹ̀ ni wọ́n gbé e kọjá níwájú Màmá, méjì-méjì, tówẹ̀lì lórí rẹ̀. Inú ike ọ̀dà ni ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ti ń dúró dè wọ́n ní balùwẹ̀ láti àná. Nígbà tí ẹni kẹwàá ń ti ibẹ̀ bọ̀ tó ń pọ́nu lá, Màmá ní àwọn ọmọ yìí mà fẹ́ràn ìmọ́tótó o. Lẹ́yìn náà ló pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù, ó sọ fún un pé ilẹ̀ Igbemo mì.

Ní pápá ìṣeré ní Adó, ẹ̀gbẹ́ Alàgbà ni Monínúọlá jókòó sí. Aago mẹ́rin ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Oòrùn ń mú, bàbá náà sì ń di èjìká Monínúọlá mú kó má baà ṣubú, ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ bí ewé. Ìkéré ló kọ́kọ́ gbá a wọlé. Òkè-Ayọ̀ dá a padà kí wọ́n tó lọ sinmi. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, tí ẹsẹ̀ àwọn Ẹkùn ti ń wọ́lẹ̀, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù láti igun, Ayọ̀rìndé fò sókè láàárín ẹni mẹ́rin bí ẹni tí wọ́n fi okùn fà, ó sì fi orí kàn án wọlé. Méjì sí ọ̀kan. Alàgbà ò lè fò. Ó kàn jókòó, ó ń sunkún, ó ń pe orúkọ Jésù.

Wọ́n gbé ife fún wọn. Oníròyìn kan láti ilé iṣẹ́ rédíò gbé máìkì sí Alàgbà lẹ́nu.

"Ẹ̀yin ènìyàn Èkìtì," ni Alàgbà bẹ̀rẹ̀, "ọmọ wọ̀nyí ò fẹnu kan nǹkan kan láti àná. Láàárọ̀ yìí, wọ́n gbàdúrà títí ilẹ̀ fi mì, ẹ̀gbọ́n mi ló jẹ́rìí sí i. Nítorí náà, mo ti rò ó. Lọ́dún tó ń bọ̀, a ò nílò alásè mọ́. A máa sọ ilé ìdáná yẹn di yàrá àdúrà. Monínúọlá, ọmọ mi, o ṣeun. Ọlọ́run á ṣí ọ̀nà míì fún ọ."

Àwọn èrò pàtẹ́wọ́. Kò sí agbábọ́ọ̀lù kan tó pa á.

Gbogbo ọdún ni Monínúọlá fi ń bẹ̀rù pé wọ́n á lé òun nítorí oúnjẹ tí òun fi pamọ́. Kò rò ó rí pé wọ́n lè lé òun nítorí pé òun mọ̀ ọ́n fi pamọ́ jù. Ayọ̀rìndé ti ń bọ̀ níbi máìkì, ẹnu rẹ̀ ti là. Monínúọlá rí i pé bó bá sọ̀rọ̀ síbẹ̀, gbogbo Èkìtì ló máa fi bàbá náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ó sáré, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí Alàgbà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé máìkì yẹn jìnnà díẹ̀."

Ó gbé e jìnnà.

"Wọ́n ń jẹun, sà."

"Àwọn wo?"

"Gbogbo wọn. Láti ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹta. Iyán ni. Èmi ni mò ń gún un."

"Ti òní ńkọ́? Màmá wà níbẹ̀!"

"Màmá ló ń lu agogo sí i, sà."

Alàgbà wo ilẹ̀. "Ilẹ̀ tó mì…"

Monínúọlá náà wo ilẹ̀. "Ẹ̀yin nìkan lẹ gbààwẹ̀, Bàbá. Ẹ má bínú. Mi ò lè máa wò wọ́n kí wọ́n máa ṣubú. Ẹ búra pé ẹni tó bá fún wọn jẹ á di ẹrù rẹ̀. Bí mo bá délé, màá dì í."

Bàbá náà yí ojú sí pápá. Ó wo àwọn ọmọ rẹ̀, ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn bí ẹni tó ń rí i fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó wo ife. Ètè rẹ̀ ń mì, ó ń ṣírò nǹkan.

"Èmi nìkan?"

"Ẹ̀yin nìkan, sà."

"Láti ìkẹta? Kò sí ẹlòmíì rárá? Kóòṣì ńkọ́?"

"Kóòṣì máa ń béèrè àfikún, sà."

Ojú Alàgbà bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ìkùukùu ń ká kúrò lórí òkè. Ó gbá Monínúọlá lọ́wọ́ mú.

"A jẹ́ pé èmi ni mo gba ife yìí! Ọmọ méjìdínlógún ń jẹyán, ẹnì kan ṣoṣo ń gbààwẹ̀, a sì tún borí! Ṣé o mọ irú agbára tó wà nínú ààwẹ̀ ẹnì kan yẹn?"

Monínúọlá la ẹnu láti jiyàn. Ó rántí ilé àǹtí. "Agbára ńlá ni, sà."

"Bí wọ́n bá lọ bá mi gbà á lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n á kàn dí mi lọ́wọ́ ni."

"Wọ́n á dí yín lọ́wọ́ gan-an, sà."

"Ìbúra ni ìbúra. O máa di ẹrù rẹ lónìí," ni Alàgbà sọ. "O sì máa tú u lọ́la."

Ó fa máìkì padà mọ́ra. "Ẹ forí jì mí, ẹ̀yin ènìyàn Èkìtì. Ẹ̀mí ṣẹ̀ṣẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀. Monínúọlá ò lọ síbì kankan. Ipò tuntun la fún un. Láti òní lọ, òun ni Alábòójútó Ààwẹ̀ fún ẹgbẹ́ wa. Ilé ìdáná ni ọ́fíìsì rẹ̀."

Ariwo tí àwọn agbábọ́ọ̀lù pa, wọ́n gbọ́ ọ dé ọ̀nà Ìyìn. Wọ́n gbé Monínúọlá sókè kí wọ́n tó rántí gbé kóòṣì. Ìgbà tí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, Màmá Àtinúkẹ́ ló bá níwájú rẹ̀, aṣọ funfun rẹ̀ ti pọ́n fún eruku, ojú rẹ̀ ń dán.

"Bámgbóyè," ló ké sí àbúrò rẹ̀, "mo ti pinnu. Ọdún tó ń bọ̀, mò ń kó wá sí kámpù yẹn ni. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ títí dé ìparí. Irú àdúrà yẹn, mi ò lè jẹ́ kó kọjá mi!"

Alàgbà wo Monínúọlá. Monínúọlá wo Alàgbà.

"Alábòójútó," ni bàbá náà sọ jẹ́jẹ́, ó sì yí ojú sí ọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ ya fọ́tò, "ọ́fíìsì rẹ lọ̀rọ̀ yẹn kàn."